Bọ̀wálé Mọ Ìdáhùn Kí Wọ́n Tó Béèrè

Bọ̀wálé fúnra rẹ̀ ló gbé ọ̀rọ̀ yìí wá bá wa. Ó ní kí a má fi orúkọ òun pa mọ́, nítorí kò sí ẹni tí kò tíì gbọ́ ọ ní Dàda Estate, ní Òṣogbo, àwọn tó sì gbọ́ ọ ti fi iyọ̀ tiwọn sí i. Ojúlówó rẹ̀ ló fẹ́ kí ẹ̀yin òǹkàwé gbọ́. Mo ṣèlérí fún un pé n kò ní í rẹ́rìn-ín bí mo bá ń kọ ọ́. Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́, n kò lè mú ìlérí náà ṣẹ.

Ẹni ọdún mẹ́rìndínlógójì ni. Ó ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan tó ti ń fi kọ̀ǹpútà tẹ ìwé fún àwọn èèyàn, tó sì ń ṣe fọ́tòkópì. Ẹnu rẹ̀ dùn, ohùn rẹ̀ ròkè. Àìsàn kan ṣoṣo tó ń ṣe é ni pé bí wọ́n bá bi í ní ohun tí kò mọ̀, kò lè sọ pé òun kò mọ̀ ọ́n.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sunday, láago márùn-ún, ìdíje ìbéèrè máa ń wà ní ilé ọtí Oyèṣọlá. Ogún ìbéèrè ni. Ìgò òfìfo kan àti ṣíbí kan máa ń wà lórí tábìlì ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ẹgbẹ́ tó bá kọ́kọ́ kan ìgò ló máa dáhùn. Alàgbà Ògúnjìnmí, ọmọ Ìmẹ̀sí-Ilé, tíṣà Yorùbá tó ti fẹ̀yìn tì, ló ń béèrè. Àwọn tó bá borí á jẹ odidi ẹja kan, Oyèṣọlá á sì kọ orúkọ wọn sára ògiri.

Ẹ dé ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, ẹ ó ti mọ gbogbo wọn. Àwọn tíṣà mẹ́rin kan wà tí wọn kì í dáhùn ìbéèrè, ńṣe ni wọ́n máa ń bá a jà. "Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fẹnu kò lórí ohun tí ẹ̀ ń pè ní odò." Kí ẹnu wọn tó kò, ẹlòmíràn ti kan ìgò. Ẹgbẹ́ kan wà tí inú máa ń run ṣáá. Bí ìbéèrè bá ti le, ọ̀kan nínú wọn á gba ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lọ tòun ti fóònù, tó bá fi máa padà dé, ó ti gbọ́n. Silas máa ń dá jókòó, kò sì kan ìgò rí. Ìgbà tí Alàgbà bá ka ìdáhùn tán ló máa ń mi orí pé, "Ohun tó wà lẹ́nu mi gan-an nìyẹn."

Àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà ló ń borí. Ọmọ Ọ̀bọ̀kun ni wọ́n ń pe ẹgbẹ́ wọn. Wọn kì í pariwo. Wọ́n á forí korí, wọ́n á fi Ìjẹ̀ṣà sọ ọ́ kí ará Òṣogbo tó wà nítòsí má baà jí i gbọ́, wọ́n á wá kan ìgò lẹ́ẹ̀kan péré. Rẹ̀mílẹ́kún ni olórí wọn. Aṣọ ló ń tà, ọmọ àgbẹ̀ kòkó ni, láti abúlé kan lẹ́bàá Ìpèríndó. Ìyàwó Bọ̀wálé sì ni.

Bọ̀wálé ní ẹgbẹ́ tirẹ̀, Àràbà lorúkọ rẹ̀. Sàkáríyà wà níbẹ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, awakọ̀ takisí tí kì í mu ju málìtì lọ, tó mọ bọ́ọ̀lù tí kò sì mọ nǹkan mìíràn láyé. Akeem náà wà níbẹ̀ nítorí ẹja. Bọ̀wálé ló ń kan ìgò, òun ló ń dáhùn, òun náà ló ń ṣì í. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún gbáko ni Àràbà fi ṣe ìkẹyìn.

Ìyẹn ì bá máà dun ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n Rẹ̀mílẹ́kún lóyún oṣù mẹ́jọ, ọdún mẹ́rin ni wọ́n sì ti ń wá oyún náà. Bọ̀wálé ti dìde láàárín ìjọ, ó ti gba makiroofóònù, ó ti sọ fún gbogbo ayé pé Testimony ni òun ó máa pe ọmọ náà. Kò bi ìyàwó rẹ̀ kó tó gba makiroofóònù.

"Ẹkúndayọ̀ ni mo fẹ́ kí a máa pè é," ni Rẹ̀mílẹ́kún sọ.

"Ẹkún? Kí ẹkún má wọlé mi."

"Orúkọ náà kò parí síbi ẹkún."

"Ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ ni èmi ń wò," ni Bọ̀wálé wí.

Gbogbo wa la mọ̀ pé ọmọ Yorùbá lè ní orúkọ mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń fi pè é wá jẹun, orí ọ̀kan yẹn sì ni àwọn méjèèjì wà láti oṣù kẹfà oyún.

Ní Sunday karùn-ún tí Àràbà ṣe ìkẹyìn, Akeem ń pọ́n ìka lá lórí ẹja ẹlẹ́ja, ó ní, "Bọ̀wálé, ìwọ tí o kò mọ ìdáhùn kan ṣoṣo, ṣé ìwọ náà lo fẹ́ sọ ọmọ lórúkọ?" Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Bọ̀wálé dìde. Ó ní ní Sunday tó ń bọ̀, bí Àràbà bá ju Ọmọ Ọ̀bọ̀kun lọ, Testimony ni ọmọ ó máa jẹ́. Bí Ọmọ Ọ̀bọ̀kun bá borí, kí wọ́n máa pè é ní ohunkóhun tó bá wù wọ́n.

Rẹ̀mílẹ́kún gbé ojú sókè. "Dádì, ṣé ẹ ti rò ó dáadáa?"

"Mo ti rò ó."

"Ó dáa. Alàgbà, ẹ ti gbọ́ o."

Bọ̀wálé kò rò ó. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀ fún mi.

Ní Thursday, ọ̀rọ̀ kan wọlé láti ọ̀dọ̀ Oyèṣọlá. Awò ojú Alàgbà ti fọ́, kò lè rí ìwé ọwọ́ ara rẹ̀ kà mọ́. Ìbéèrè kì í ṣe ìṣòro fún un, orí rẹ̀ ló máa ń kó wọn sí. Ìdáhùn ló ń fẹ́ ní lẹ́tà ńlá níwájú ara rẹ̀, kí àwọn tíṣà má baà bá a jiyàn. Oyèṣọlá ti wo ìwé rẹ̀, ó ti tẹ ìdáhùn ogún náà sórí fóònù, ó sì fi ránṣẹ́ sí Bọ̀wálé lórí WhatsApp.

Ó tún pè é. "Mo mọ̀ pé o wà nínú ìdíje o, ṣùgbọ́n ìwọ ni mo fọkàn tán. Tẹ̀ ẹ́ gàdàgbà, kí o sì pa á rẹ́ nínú fóònù rẹ."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, mà."

Ó kọ́kọ́ dojú fóònù náà bolẹ̀ lórí tábìlì. Ó mu omi. Ó gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù tó ti gbá láàárọ̀. Lẹ́yìn náà ló bi ara rẹ̀ pé ẹni tó fẹ́ tẹ ìwé, ṣé kò ní í wo ìwé ni? Ó wò ó. Ó tẹ̀ ẹ́ gàdàgbà. Ó pa á rẹ́ nínú fóònù bí wọ́n ṣe ní kó ṣe, ṣùgbọ́n ó ti dà á kọ sẹ́yìn káàdì kan kó tó pa á rẹ́.

Nǹkan kan wà tó yẹ kó ti ṣàkíyèsí níbẹ̀. Oyèṣọlá tẹ ọ̀rọ̀ náà bí púpọ̀ nínú wa ṣe ń tẹ Yorùbá lórí fóònù, kò sí àmì lókè, kò sí ìsàmì nísàlẹ̀. Ọ̀rọ̀ kàn wà níhòòhò bẹ́ẹ̀ ni. Ìkejì jẹ́ "ogbon". Ìkẹrin jẹ́ "oko", èyí tó ní ọ̀nà bíi márùn-ún tó lè yà sí, tí ọ̀kan nínú wọn kò sì ṣe é sọ níwájú Alàgbà. Ìkọkàndínlógún jẹ́ "igba".

Bọ̀wálé fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ohùn tó wù ú. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ń kọ wọ́n lórin nínú balùwẹ̀ kó má baà gbàgbé.

Rẹ̀mílẹ́kún kan ilẹ̀kùn. "Kí lẹ̀ ń kọ níbẹ̀ yẹn?"

"Àdúrà ni."

"Àdúrà tó ní igbá nínú?"

"Mo ní kí Ọlọ́run kún igbá wa."

"Àmín," ni Rẹ̀mílẹ́kún wí, ó sì lọ.

Sunday pé. Ilé ọtí kún bámúbámú, nítorí ọ̀rọ̀ orúkọ ọmọ náà ti tàn kálẹ̀. Alàgbà gbé ìwé tí Bọ̀wálé tẹ̀ síwájú, ó bẹ̀rẹ̀.

"Ní ọdún wo—"

Kòn. "1991, sà," ni Bọ̀wálé wí.

Alàgbà wò ó. "N kò tíì sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún náà."

"Ó ti hàn lójú yín, sà. Ọ̀rọ̀ ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ni."

Bẹ́ẹ̀ náà ni. Ọdún tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ náà sílẹ̀ ni Alàgbà fẹ́ béèrè. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Sàkáríyà yí ojú padà wo ọ̀rẹ́ rẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé rẹ̀.

"Ìjọba ìbílẹ̀ mélòó—"

Kòn. "Ọgbọ́n."

"Kí lo wí?"

Bọ̀wálé rí i pé ọ̀rọ̀ ti fẹ́ yíwọ́. "Mo ní ọgbọ́n orí ni mo fi mọ̀ ọ́n, sà. Ọgbọ̀n ni."

Ó gbà á. Nígbà tó kan ti ìkẹrin, ó ní sùúrù, ó jẹ́ kí Alàgbà béèrè rẹ̀ tán. Ohun tí àgbẹ̀ fi ń kọ ebè ni. Ó fi ẹ̀sọ̀ pe ọkọ́, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run nínú ara rẹ̀ pé òun kò sáré.

Láti ibẹ̀ ni ẹ̀rù ti kúrò lára rẹ̀. Ó ń kan ìgò bí ẹni ń kan ìṣó. Àwọn tíṣà ò rí àyè bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ẹgbẹ́ tí inú ń run gbàgbé láti lọ sílé ìgbọ̀nsẹ̀. Sàkáríyà ń sọ "Alhamdulillahi" léraléra, ó sì ti pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù pé kí wọ́n wá gbọ́ ohun tí Ọlọ́run ń ṣe nínú ẹgbẹ́ àwọn. Akeem ti ní kí wọ́n máa yan ẹja. Inú Bọ̀wálé dùn débi pé ó gbàgbé pé òun jí i ni. Ó ní láàárín ìbéèrè kẹwàá sí ìkejìdínlógún, òun gbà lóòótọ́ pé ọlọ́pọlọ pípé lòun.

Rẹ̀mílẹ́kún gbé ọwọ́ lé ikùn rẹ̀, ó ń wo ọkọ rẹ̀.

Lẹ́yìn ìbéèrè kejìdínlógún, Àràbà ní mọ́kànlá, Ọmọ Ọ̀bọ̀kun ní mẹ́fà. Méjì péré ló kù. Ó ti parí. Sàkáríyà di ọwọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ mú.

"Ọ̀rẹ́, a ti borí. Fi ṣíbí yẹn sílẹ̀. Jẹ́ kí àwọn tíṣà náà rí ọ̀kan gbà."

Bó bá gbọ́ tirẹ̀ ni, ẹ kì bá tí máa ka ìwé yìí. Ṣùgbọ́n ó ku ìdáhùn méjì nínú orí Bọ̀wálé, wọ́n sì ń yún un lẹ́nu.

"Kí ni àwọn akọ̀pẹ—"

Kòn, kòn, kòn. Ó tilẹ̀ dìde dúró. "Igbá!"

Alàgbà gbé ìwé sílẹ̀. "Jẹ́ kí n parí rẹ̀. Ìbéèrè mi ni pé, kí ni àwọn akọ̀pẹ fi ń gun ọ̀pẹ?"

Bọ̀wálé, ọmọ ìgboro Òṣogbo, tí kò dé ìdí ọ̀pẹ rí, rò pé kò tíì burú. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Igbá."

Ẹ̀rín ni mo fẹ́ pè é, ṣùgbọ́n ó ju ẹ̀rín lọ. Ẹnì kan ń béèrè bóyá inú igbá náà ni akọ̀pẹ máa ń jókòó sí kí wọ́n tó fà á sókè. Silas ṣubú lórí àga. Àwọn tíṣà rí iṣẹ́ ṣe nígbẹ̀yìn. Wọ́n ní kí Alàgbà fún un ní máàkì, nítorí lẹ́tà rẹ̀ pé, ohùn nìkan ló ṣì.

Níbi tí wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín ni Rẹ̀mílẹ́kún ti sọ̀rọ̀. Kò gbé ohùn sókè.

"Igbà ni. Okùn tí wọ́n ń fi yí ara àti ọ̀pẹ ká. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n á pè é ní igbà. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n á ní okùn, tàbí àkàsọ̀. Kò sẹ́ni tó máa ronú ohun tí wọ́n fi ń gun ọ̀pẹ tó máa mú igbá." Ó kọjú sí ọkọ rẹ̀. "Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń gbọ́ igbá nínú balùwẹ̀. Bọ̀wálé, báwo ni wọ́n ṣe kọ ọ́ níbi tí o ti rí i?"

Ẹ gbọ́ o. Láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra, "ẹ" ni obìnrin yìí fi ń pe ọkọ rẹ̀, "Dádì" ló sì ń pè é. Ọjọ́ yẹn ni "o" jáde, tòun ti orúkọ. Bọ̀wálé ní òun ì bá fara mọ́ ẹ̀rín gbogbo Òṣogbo ju "o" kan ṣoṣo yẹn lọ.

Alàgbà gbé ìwé náà súnmọ́ ojú rẹ̀. Ó wò ó pẹ́. "I, g, b, a," ni ó wí. "Kò sí àmì kankan lórí rẹ̀. Oyèṣọlá, ta ló bá wa tẹ ìwé yìí?"

Oyèṣọlá wo Bọ̀wálé, ojú rẹ̀ sì pọ́n. Gbogbo ilé yí padà wò ó pẹ̀lú.

Bọ̀wálé la ẹnu. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, kò rí nǹkan fi sí i.

Sàkáríyà ló kọ́kọ́ dìde. Kò bú u. Ó dé fìlà rẹ̀, ó mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò rẹ̀. "Mo ti pe ìyá mi," ni ó wí, ó sì jáde. Akeem dúró jẹ ẹja náà tán kó tó bínú.

Nílé, Bọ̀wálé dọ̀bálẹ̀ kí ìyàwó rẹ̀ tó bọ́ bàtà. Ó ní kò sí àríyànjiyàn mọ́, òun gbà, Ẹkúndayọ̀ ni ọmọ ó máa jẹ́.

"Rárá," ni Rẹ̀mílẹ́kún wí. "Ìdíje yẹn ti bàjẹ́. N kò borí, ìwọ náà ò borí. Ìbéèrè kan péré ni n ó bi ọ́. Bí o bá gbà á, Testimony ni. Kò sí ìwé tí wọ́n kọ ọ́ sí."

Bọ̀wálé jókòó. Ojú rẹ̀ tilẹ̀ mọ́ díẹ̀, nítorí ó rò pé ojúure ni.

"Kí ló dé tí bàbá mi fi sọ mí ní Rẹ̀mílẹ́kún?"

"Ìyẹn ò le. Kí o lè rẹ̀ wọ́n lẹ́kún ni."

"Ẹkún wo?"

Ó ronú. Ọdún mẹ́fà ni wọ́n ti jọ ń gbé. Ó ti pe orúkọ náà lówùúrọ̀, ó ti pè é lálẹ́, ó ti kọ ọ́ sórí káàdì ìgbéyàwó, tòun ti àmì rẹ̀. Kò bi í rí.

"N kò mọ̀ ọ́n," ni ó wí.

Rẹ̀mílẹ́kún sọ fún un. Ó ní ẹ̀gbọ́n kan wà kí wọ́n tó bí òun, Adéyọrí lorúkọ rẹ̀, ọmọ ọdún méjìdínlógún. Ó wá lo ọlidé ní abúlé, ó ní òun ó bá bàbá kọ ẹyìn. Igbà tó fi gun ọ̀pẹ ti gbó. Ó já. Ọdún kejì ni wọ́n bí òun.

"Nígbà tí gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín igbá lónìí, ọ̀rọ̀ yẹn ni mo ń gbọ́," ni ó wí. "Bí o bá ti bi mí lẹ́ẹ̀kan péré láti ọdún mẹ́fà, o kì bá tí ṣì í pè."

Bọ̀wálé sunkún. Kò tijú láti sọ ọ́ fún mi, n kò sì rẹ́rìn-ín níbi tó dé yìí.

Èyí tó kù kò pọ̀. Oyèṣọlá ní kó má tẹsẹ̀ bọ ilé òun títí ọdún á fi yí po. Àwọn oníbàárà ń gbé ìwé wá sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, wọ́n á ní kó dijú kó tó tẹ̀ ẹ́. Sàkáríyà dárí jì í lẹ́yìn oṣù kan, ṣùgbọ́n ìyá Sàkáríyà kò tíì dárí jì í. "O" ni Rẹ̀mílẹ́kún ṣì ń fi pè é títí di òní.

Ọmọkùnrin ni wọ́n bí. Ní ọjọ́ kẹjọ, Bọ̀wálé fúnra rẹ̀ ló dìde tó pe orúkọ náà sókè, Ẹkúndayọ̀. Pásítọ̀ tẹ̀ sí i létí, ó ní, "Testimony ńkọ́?"

"Ẹ̀rí náà ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pè yẹn, sà."

Nígbà tí èrò túká, ó lọ bá bàbá ìyàwó rẹ̀ níbi tí wọ́n jókòó sí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, irú èèyàn wo ni Adéyọrí?"

Bàbá arúgbó náà ṣí fìlà wọn, wọ́n gbé e lé orúnkún. Bọ̀wálé rò pé òun tún ti ṣi ọ̀rọ̀ sọ.

"Ọdún kẹtàlélọ́gbọ̀n rèé," ni wọ́n wí nígbẹ̀yìn. "Bó ṣe kú ni gbogbo èèyàn máa ń bi mí. Kò sẹ́ni tó bi mí rí bó ṣe wà láyé."

Wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́. Rẹ̀mílẹ́kún gbé ọmọ jáde láti inú yàrá, ó rọra jókòó tì wọ́n, nítorí púpọ̀ nínú ohun tí bàbá rẹ̀ ń sọ, òun náà kò gbọ́ ọ rí.